Bàálù Ti Balẹ̀, Ilé Ṣì Kù

Ẹnu ilẹ̀kùn

Kí ilẹ̀kùn pápákọ̀ òfurufú tó ṣí tán ni ooru Ìkẹjà ti kí ọ káàbọ̀. Mo ti gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti dúró níwájú rẹ̀ de ẹlòmíì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo rí ni pé ojú àwọn tó ń dúró ló yẹ kéèyàn máa wò, kì í ṣe ojú àwọn tó ń dé. Ẹni tó ń dé ti rẹ̀, ọkàn rẹ̀ wà lára ẹrù. Ẹni tó ń dúró ni gbogbo ara rẹ̀ ti di ojú.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà kan tó ró ìró àǹkárá, tó we gèlè bí ẹni tó ń lọ síbi ìkómọ. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán ọmọkùnrin kan sì wà lójú fóònù. Gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ti ti ẹrù jáde, ìyá á wo fóònù, á wo ojú ẹni náà, á tún wo fóònù. Mo bi í pé, "Mọ́mì, ta lẹ ń dúró dè?" Ó ní, "Ọmọ ọmọ mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ. Wọ́n ní ó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ báyìí."

Ọmọ náà ló kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ó fi ẹrù sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì, tòun ti kóòtù òtútù tó wọ̀. Ìyá ò rántí kí i káàbọ̀. Oríkì ló bú sẹ́nu. Ó ń kì í, ó ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, fóònù sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán ọmọ kékeré yẹn sì ń wo òkè. Àwọn àláàrù tó wà lẹ́yìn dá ẹrù wọn dúró. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kúrò lọ́nà.

Méje sí ẹyọ kan

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, mo ka ìdílé kan: èèyàn méje ló wá pàdé ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn kan á ní ìfowóṣòfò ni, pé epo mọ́tò wọ́n. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Èèyàn méje ló gbà pé kò yẹ kí ẹni tiwọn dé kó má bá ojú tó mọ̀ pàdé.

Àmọ́ lẹ́yìn wọn, mo rí ọkùnrin kan tó dá jáde. Ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tún wo ọ̀tún. Òun ni mò ń kọ púpọ̀ nínú ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí fún.

Orúkọ tó wà lára ilé

Murtala Muhammed ni orúkọ pápákọ̀ òfurufú náà. Ojú rẹ̀ la mọ̀ lára ogún náírà, kódà ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tó kú mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì, ọdún 1976, ó kúrò nílé ní Ìkòyí, ó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Dodan Barracks. Olórí orílẹ̀-èdè ni, àmọ́ kò sí ọkọ̀ tó ń fọn fèrè níwájú rẹ̀, kò sí ọ̀wọ́ ṣọ́jà lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó sì dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró bó ṣe ń dá ti gbogbo èèyàn dúró. Nítòsí Federal Secretariat ni àwọn ṣọ́jà tó fẹ́ gbàjọba ti yìnbọn pa á, òun àti Akintunde Akinsehinwa, ọ̀dọ́ ológun tí í ṣe ọmọ Yorùbá, tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e káàkiri. Ọmọ ọdún 37 ni Murtala.

Ọdún 1979 ni wọ́n ṣí ilé èrò ńlá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ fún àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀. Nígbàkígbà tí mo bá há sínú hólọ́ọ̀pù lójú ọ̀nà tó jáde láti ibẹ̀, mo máa ń rántí ọ̀gágun yìí. Ẹni tí ikú bá láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìlú ni orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ibodè tí a ń gbà wọ ìlú náà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń wúwo lọ́kàn mi.

Iye owó

Bí o bá ti kọjá lára àwọn tó ń dúró, àwọn awakọ̀ ló kàn. "Ọ̀gá, ibo là ń lọ?" "Àǹtí, ẹ jẹ́ n gbé yín." Ọwọ́ ti dé ara àpótí rẹ kó o tó dáhùn. Iye tí wọ́n máa kọ́kọ́ pè kì í ṣe iye ọ̀nà. Iye aṣọ ọrùn rẹ ni, àti ibi tí ojú rẹ ń wò. Ẹni tó bá ń wòkè kiri bí ẹni tó ń wá pátákó, owó tirẹ̀ ti lọ sókè.

Ohun tí mo fẹ́ rí kí n tó dàgbà jù ni pátákó yẹn gan-an, kó tóbi, kó wà níbi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde á fi ojú kàn án láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ìgbò, ní Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé: láti ibí dé Ìkẹjà, iye báyìí, dé Yábàá, iye báyìí, dé Lẹ́kì, iye báyìí. Ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ló máa ná wọn.

Kí ọjọ́ yẹn tó dé, mo ti kọ́ ohun méjì. Èkíní: ẹ dúnàá-dúrà kí ẹrù tó wọ búùtù. Bí búùtù bá ti pa dé, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Èkejì: ẹ kọ́kọ́ kí awakọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ kú oòrùn." Mi ò sọ ọ́ bí ọgbọ́n tí a fi ń já owó. Ẹni tó ti wà lórí ìdúró láti ìdájí nílò kí ẹnì kan rí i. Awakọ̀ kan, àgbàlagbà tó ní ilà pélé lẹ́rẹ̀kẹ́, sọ fún mi pé láti aago márùn-ún ìdájí lòun ti wà níbẹ̀, aago méjì ọ̀sán sì ti lù, òun ò tíì gbé ẹnì kan. A jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa oorun àti epo. Owó tó pè lẹ́yìn náà ò tó ìdajì ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ti pè fún mi. Ó gbé mi dé ilé wa ní Ṣúrùlérè, ó sì bá mi gbé àpótí gun àtẹ̀gùn dé òkè kejì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó mu omi. Ó mu ún lórí ìdúró, ó ní òun fẹ́ padà kí bàálù ìrọ̀lẹ́ tó balẹ̀.

Ọkọ̀ orí fóònù

Láti ọdún 2014 ni Uber ti wà l'Ékòó, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Wọ́n ti ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, pàápàá obìnrin tó dá rìn. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní láti ní láìnì tó ń ṣiṣẹ́ àti dátà. Awakọ̀ á pè, á béèrè ibi tó ò ń lọ, á béèrè bóyá owó lọ́wọ́ ni, á wá ní kó o gùn lọ sókè níbi tí wọ́n ti ń sin àwọn tó ń rìnrìn àjò, tàbí kó o rìn dé ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹni tó mọ ilé, kò ní ìṣòro. Ọkùnrin tó ń wo ọ̀tún àti òsì yẹn kò tíì ní láìnì.

Ọ̀kadà

Bàálù ló bí orúkọ ọ̀kadà. Ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní ò mọ̀. Ní 1983, Gabriel Igbinedion dá ilé iṣẹ́ bàálù kan sílẹ̀, ó fi orúkọ ìlú rẹ̀, Okada, ní ilẹ̀ Ẹdó, pè é: Okada Air. Bàálù náà ń gbé èrò káàkiri Nàìjíríà fún bí ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tí àwọn alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí wọ́n ń fò kọjá lára ọkọ̀ tó há bí ẹni pé wọn ò sí lórí ilẹ̀, àwọn èèyàn fi orúkọ bàálù yẹn pè wọ́n. Ilé iṣẹ́ bàálù náà ti kógbá wọlé ní 1997. Orúkọ rẹ̀ ń rìn láàárín ìgboro títí dòní.

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan, Ìkẹjà sì wà lára wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá bọ́ nínú bàálù ní Ìkẹjà, tí ẹnì kan sì ní òun á fi ọ̀kadà gbé e, kó rántí pé àwọn agbófinró lè gba alùpùpù náà lójú ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló kù fún ọ̀nà kúkúrú, èyí tí wọ́n fi orúkọ Buba Marwa sọ, ológun tó ṣàkóso Èkó láti 1996 dé 1999. Àpótí ńlá kan ṣoṣo ló lè gbà lẹ́yìn. Mo ti dán méjì wò, ó bọ́ lójú ọ̀nà.

A so wá pọ̀

Mi ò fojú tẹ́ńbẹ́lú dáńfó. Bí ẹrù mi ò bá ju báàgì kan lọ, òun ni mo máa ń wọ̀, nítorí níbẹ̀ ni mo ti máa ń mọ̀ pé mo ti dé lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan jókòó tì mí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jámánì dé lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀, ó fẹ́ bá wọn nílé lójijì. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ti ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ pé, "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o! Mi ò ní ṣéńjì!" Owó tuntun tí wọ́n ṣẹ́ fún ọkùnrin yìí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún. Nígbà tí a súnmọ́ ibi tí a máa bọ́ sí, kọ̀ndọ́kítọ̀ na owó bébà kan sí i, ó tọ́ka sí ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátò tó ti ṣófo sórí ẹsẹ̀, ó ní, "Ìwọ àti màmá yìí, mo so yín pọ̀."

Kò yé ọkùnrin náà. Ó rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè nígbà tí ìyá fọwọ́ kàn án lápá: "Má dààmú, ọmọ mi. Tèmi wà níbẹ̀, tìrẹ wà níbẹ̀. Ká bọ́ọ́lẹ̀ ká fi ra nǹkan." Kọ̀ndọ́kítọ̀ kígbe sí awakọ̀ pé, "Ó wà o!" Ọkọ̀ ò dúró tán. "Ẹsẹ̀ òsì ni kẹ́ ẹ fi sọ̀ o!" Èmi náà ń bọ́ níbẹ̀, mo sì dúró wò wọ́n. Ìyá mú un lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ru ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Wọ́n ra díẹ̀, wọ́n gba ṣéńjì, ìyá ka tirẹ̀ sápá kan, ó ka ti ọkùnrin náà lé e lọ́wọ́ lẹ́yọ-lẹ́yọ, kó lè rí i. Lẹ́yìn náà ló fún un ní ẹ̀pà. Ó ní, "Jẹ ẹ́. Ó pẹ́ tó o ti jẹ ẹ̀pà ilé." Ọkùnrin náà ń jẹ ẹ̀pà lẹ́bàá títì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ ti ṣẹ́ owó, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní igba-igba àti ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Òṣòdì

Ẹni tó bá mọ Òṣòdì kí ọdún 2009 tó dé, tó wá rí i lónìí, á rò pé ìlú mìíràn ni. Nígbà yẹn, ọjà ti gba títì, ọkọ̀ ń fi ìmú wá ọ̀nà láàárín àwọn tó ń ta bàtà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009 ni ìjọba Fashola, gómìnà Èkó nígbà náà, kó ọjà kúrò lójú títì. Ní 2019 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta tó wà níbẹ̀ báyìí. Títì tó so Òṣòdì pọ̀ mọ́ pápá bàálù náà, wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́wàá láti mẹ́rin.

Mo yìn wọ́n fún un. Ibùdókọ̀ tó ní òrùlé àti ìjókòó kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń dúró pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Síbẹ̀, títì ọ̀nà mẹ́wàá, ọlọ́kọ̀ ló ṣe fún. Ẹ wo ìyá tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, tó ń fa àpótí onítáyà lẹ́bàá rẹ̀, bí táyà ṣe ń há sínú yanrìn àti ihò gọ́tà, ẹ ó mọ ẹni tí wọn ò rántí dáadáa.

Ọ̀nà mẹ́ta

Bí o bá ń lọ sí Erékùṣù Èkó, awakọ̀ àgbà á bi ọ́ bóyá o fẹ́ gba Gbágádà bọ́ sí Òwòròǹṣòkí, tàbí Maryland bọ́ sí Ìkòròdú Road, tàbí kó gba Agége Motor Road láti Muṣin dé Ojúẹlẹ́gba. Má dáhùn. Jẹ́ kó tan rédíò, kó gbọ́ ìròyìn ọ̀nà. Bí ó bá yan Ojúẹlẹ́gba, rántí pé ojúbọ Ẹlẹ́gbára tó wà níbẹ̀ ló fún àdúgbò náà lórúkọ: onílé oríta, ẹni tó ni ìpàdé ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìṣẹ́jú ogójì lè gbé ọ dé Erékùṣù Èkó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo ti lo wákàtí mẹ́ta lórí ọ̀nà kan náà.

Reluwé

Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣàkóso gbọ́ mi jù nìyí.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì, 2024 ni wọ́n ṣí ọ̀nà reluwé Red Line. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ibùdó mẹ́jọ ló ní: Agbádó, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Muṣin, Yábàá, Òyìngbò. Ìkẹjà àti Òṣòdì, méjèèjì, nítòsí pápá bàálù ni wọ́n wà. Káàdì tí wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, òun náà ni wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì BRT, Cowry ni wọ́n pè é: owó ẹyọ. Inú mi dùn sí orúkọ yẹn. Ohun tí àwọn baba wa fi ń ná ọjà ni a fi ń wọ ọkọ̀.

Mo wọ̀ ọ́ láti Ìkẹjà lọ́jọ́ tí mo ti Àbújá dé. Ẹ̀yìnkùlé ni reluwé máa ń fi han èèyàn. Títì ń fi iwájú ilé hàn ọ́, ṣọ́ọ̀bù àti pátákó ìpolówó. Láti ojú fèrèsé reluwé, mo rí aṣọ ilé ìwé tí wọ́n sá sórí okùn, obìnrin tó ń yan gàrí, bàbá kan tó di dígí kékeré mú lẹ́bàá kànga tó ń fá irùngbọ̀n. Àwọn ọmọdé ń juwọ́. Kò sí ẹni tó ń fọn fèrè sí ẹnikẹ́ni létí. Nígbà tí a dé Òyìngbò, mo rántí ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ, pé ọjà Òyìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Mo sì wo aago. Bí mo bá gba orí títì lọ́wọ́ àkókò yẹn, Òṣòdì ni ǹ bá ṣì wà.

Àmọ́ reluwé yìí ò wọ inú pápá bàálù. Ẹni tó bá sọ̀ nínú bàálù ṣì ní láti wá táksí tàbí kẹ̀kẹ́ dé ibùdó rẹ̀, pẹ̀lú ẹrù. Kìlómítà díẹ̀ péré ló kù. Àbújá ti ní i: ọ̀nà reluwé ìgboro wọn dé pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe, 2018 ni wọ́n ṣí i, ó dákẹ́ ní 2020, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ́nù mọ̀ pé reluwé abẹ́ ilẹ̀ ti wọ Heathrow láti 1977. Èkó ló ní pápá bàálù tó ń gba àlejò òkè òkun jù ní Nàìjíríà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa irin yẹn dé ẹnu ọ̀nà.

Orí afárá

Bí ẹ bá ń gba afárá Third Mainland lọ sí Erékùṣù, ẹ jókòó sápá ọ̀tún. Ọdún 1990 ni wọ́n parí rẹ̀. Ó lé ní kìlómítà mọ́kànlá, kò sì sí afárá tó gùn tó o ní gbogbo Áfíríkà títí di 1996 tí ti Cairo fi gba ipò yẹn. Ẹ ó rí Yunifásítì Èkó létí ọ̀sà. Lẹ́yìn náà ni Mákòkó, ilé orí òpó nínú omi, níbi tí àwọn Ẹ̀gùn tí ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ wá láti Àgbádárìgì àti orílẹ̀-èdè Benin ti ń pẹja, tí èéfín ẹja tí àwọn ìyàwó wọn ń yan sì ń gùn òkè. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó yanrìn á máa padà bọ̀ pẹ̀lú aṣọ ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán. Gbogbo èyí wà níbẹ̀ kí afárá tó dé.

Mo ti gbé àlejò kọjá níbẹ̀ tó ń wo fóònù rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbójú sókè.

Àwọn tó ti orí omi dé

Ọ̀rọ̀ pé ọkọ̀ dé, èrò ò tíì dé, kì í ṣe tòní. Kí wọ́n tó kó òkúta dí ẹnu òkun Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ òkun ńlá ò lè wọlé, nítorí yanrìn tó wà lábẹ́ omi níbẹ̀. Òde ni wọ́n ń dúró sí. Wọ́n á sọ èrò kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré lórí ìgbì, lójú òkun gan-an, òun àti ẹrù rẹ̀. Àwọn kan ti ti ìlú Òyìnbó wá láìfarapa, wọ́n wá ṣòfò ẹrù nígbà tí wọ́n ti ń wo Èkó lọ́ọ̀ọ́kán.

Ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn Àgùdà gbà padà láti Brazil àti Cuba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú tàbí tí wọ́n bí sóko ẹrú. Kò sí ẹni tó dúró dè wọ́n pẹ̀lú orúkọ lára páálí. Wọ́n tẹ Pópó Àgùdà dó, wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn, wọ́n di ẹni tó ń dúró de àwọn mìíràn. Bí mo bá rí ọmọ ọmọ wọn tó ti Bahia ní Brazil wá lónìí, tó dúró níwájú ilẹ̀kùn Ìkẹjà, tó ń wá ojú tó mọ̀, ojú máa ń tì mí pé pátákó kan ò kí i ní èdè tí wọ́n fi ń pe Ọ̀ṣun lọ́dọ̀ wọn.

Bí ilẹ̀ bá ṣú

Ẹni tí bàálù rẹ̀ bá balẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, tí kò sì ní ẹni tó wá pàdé rẹ̀, kó sùn sí Ìkẹjà. Kò sí ọ̀rọ̀ ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ kú ewu

Màmá mi kì í kí mi káàbọ̀ lórí fóònù. Bí mo bá pè é pé, "Màámi, a ti balẹ̀ o," ohun tó máa sọ ni, "Ó dáa. O ti dé Òṣòdì?" Bí mo bá dé Òṣòdì, á bi mí ní Ojúẹlẹ́gba. Ó di ìgbà tí mo bá wọ ilé, tí mo dọ̀bálẹ̀, tó ti bu omi tútù lé mi lọ́wọ́, kó tó sọ ọ́: "Ẹ kú ewu o. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Fún ọdún púpọ̀, mo rò pé bàálù ló ń bà á lẹ́rù. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Bàálù ní awakọ̀ tó kàwé, ó ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ lójú ọ̀run. Láti Ìkẹjà síbí, ta ló ń ṣọ́ ọ?"

Oníkàn

Ọkọ̀ tí Murtala wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn. Mercedes dúdú ni. Ihò ọta ìbọn wà lára rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Láti ilé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ìkẹjà dé ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró sí, bí ogún kìlómítà ni. Mo mú ọ̀rẹ́ kan tó ti òkè òkun dé lọ síbẹ̀ tààrà láti pápá bàálù, ẹrù rẹ̀ ṣì wà nínú búùtù. A dúró níwájú ọkọ̀ náà láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Ó dúró nínú gosló bíi tiwa."

Ẹ lọ pàdé wọn

Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n ni o, ọ̀rẹ́ ọmọ yín ni o, àlejò ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni o, ẹ béèrè nọ́ńbà bàálù rẹ̀, kí ẹ lọ pàdé rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní mọ́tò, ẹ wọ dáńfó lọ, kí ẹ jọ padà. Bí ẹ ò bá mọ ojú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára páálí, kí ẹ gbé e sókè. Ẹ mú ṣéńjì àti omi tútù dání.